Fóòmù Bẹ́ẹ̀dì àbí Máàtì Ọmọdé: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Inú Àpótí Kíbọ́ọ̀dù?

Bí káfíńtà bá ti kan àpótí tán, ohun méjì ló sábà máa ń wà lọ́jà fún ẹni tó fẹ́ tẹ́ inú rẹ̀: fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń gé tà, àti máàtì eléyín tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré nílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù orin Yamaha PSR-E373 ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n: 94.5 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 36.9 ní ìbú, 11.8 ní gíga, kílò 4.6.

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ló pọ́kú jù, pàápàá bí ẹ bá rí àjákù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga. Ní ti òjò, fóòmù ń mu omi, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Máàtì kì í mu omi.

Orí méjèèjì àpótí, ìyẹn ojú kékeré méjì tó wà ní ìparí gígùn rẹ̀, ni kí ẹ fi yan èyí tí ẹ máa rà. Bí kíbọ́ọ̀dù bá dùbúlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ tàn ká, fóòmù rírọ̀ sì lè gbé e. Ṣùgbọ́n dánfó kì í sábà ní àyè fún àpótí tó dùbúlẹ̀. Òòró ni wọ́n máa ń gbé e dúró. Nígbà náà, gbogbo kílò yẹn gbára lé ojú kan ṣoṣo tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Fóòmù á tẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì já sí kòtò, pákó gan-an ni ike kíbọ́ọ̀dù máa gbá. Fóòmù tó ti wà ní títẹ̀ fún oṣù mélòó kan kì í ga padà bó ṣe wà. Àlàfo á ṣí, kíbọ́ọ̀dù á máa sún síwá sẹ́yìn, igun ni yóò kọ́kọ́ sán, ojú ihò iná á tẹ̀ lé e. Bí fóòmù bá sì gbó, ó máa ń rún. Ìrúnrún rẹ̀ ń bọ́ sáàárín àwọn kíì, kíì á dákẹ́ tàbí kó máa dún jù.

Àléébù máàtì ni pé ó le. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ ká gbogbo ìsàlẹ̀, kò ní tẹ̀ rárá, gbogbo jàgídíjàgan ọ̀nà á sì kọjá sára kíbọ́ọ̀dù. Ẹ gé e sí ọ̀já mẹ́rin tí ìbú wọn jẹ́ 8, ẹ fi ìpele mẹ́ta ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì tò wọ́n ní ìdábùú. Oòrùn inú búùtù ọkọ̀ tún máa ń sọ ọ́ di rírọ̀, ẹ má fi àpótí sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí káfíńtà kan inú àpótí ní 105 sí 41.5 sí 17. Máàtì mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ 60 sí 60, tí wọ́n nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan, ló máa tó: ìpele márùn-ún ní orí kọ̀ọ̀kan, méjì ní ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹ bá ti so ó pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ ìpele méjèèjì bára mu. Ẹ fi gọ́ọ̀mù oníbàtà pa ojú méjèèjì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ má fi í lẹ fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n, yíyọ́ ló máa yọ́. Ẹ ṣí àpótí sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, nítorí òórùn gọ́ọ̀mù lè ba ike jẹ́. Aṣọ òwú tàbí àrán ni kí ẹ fi bo inú rẹ̀. Awọ onírọ́bà máa ń fi àmì sára kíì.

Ìdérí ni àyè fóòmù bẹ́ẹ̀dì: 2.5 ní nínípọn. Ẹ gé ihò síbi tó dojú kọ bọ́tìnnì fólúùmù, kí ìdérí má bàa tẹ̀ ẹ́.

Bí kíbọ́ọ̀dù yín kì í bá kúrò nílé, fóòmù tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbé e lọ sóde àríyá àti ìsọjí, máàtì ni kó rà, kó sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lọ́jà: èyí tí ojú èékánná kò bá tètè pa rẹ́ lára rẹ̀, kó fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.