Fọ́ọ̀kì gíríìnì tó ń ká pọ̀: irinṣẹ́ yìí dáa, ọwọ́ àwọn tó ń lò ó ni wàhálà

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó tó di ariwo, tẹ́ ẹ bá ń gbá gọ́ọ̀fù tẹ́ ò ní fọ́ọ̀kì gíríìnì lápò, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré eléyín tí wọ́n fi ń tún ibi tí bọ́ọ̀lù bá mú kó jìn ṣe, ẹ̀ ń ba pápá jẹ́ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ni o. Bọ́ọ̀lù tó bá tòkè já bọ́ sórí gíríìnì, ìyẹn ibi tí koríko ẹ̀ kúrú gan-an tí ihò wà, máa ń jẹ́ kójú ibẹ̀ jìn, ẹni tó gbá a ló sì yẹ kó tún un ṣe, ẹ má dúró de àwọn tó ń gé koríko jàre.

Èyí tí mò ń lò báyìí onírin ni, eyín méjì ló ní, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ eyín yẹn á fò jáde, tẹ́ ẹ bá ṣe tán á wọlé padà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an torí èyí tí ò ká pọ̀ máa ń lu àpò ṣòkòtò, ó tún lè gún yín nítan tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Onírọ́bà tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn náà ò burú nílẹ̀ rírọ̀ ṣá, tílẹ̀ bá ti gbẹ, eyín ẹ̀ á tẹ̀.

Ibi tó kù sí ni mágínẹ́ẹ̀tì tó di máàkà mú, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ fi ń sàmì síbi tí bọ́ọ̀lù wà kẹ́ ẹ tó gbé e, mágínẹ́ẹ̀tì yẹn ò lágbára rárá. Máàkà yẹn á ti já sápò, ẹ ó wá máa tú àpò kiri nígbà táwọn tó kù ń wò yín, ẹ ò sì lè kàn gbé bọ́ọ̀lù láìfi nǹkan sàmì síbẹ̀, torí wọ́n á fi ẹyọ kan kún iye tẹ́ ẹ gbá.

Ká wá sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń lò ó, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí nǹkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ki eyín ẹ̀ bọ abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sókè bí ẹni tó ń fa ìṣó yọ, gbòǹgbò koríko á já, ojú ibẹ̀ á kú, ó sàn kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Etí ibi tó jìn ni kẹ́ ẹ ti ki í bọlẹ̀, kẹ́ ẹ ti koríko wá sáàárín, ẹ yí i po bẹ́ẹ̀, ẹ wá fi pọ́tà, ìyẹn igi tẹ́ ẹ fi ń rọra gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò, tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Látọdún 2019 tí wọ́n ti tún òfin ṣe, ẹ lè tún ipa bàtà náà ṣe lórí gíríìnì, tẹ́lẹ̀ ibi tí bọ́ọ̀lù mú kó jìn àti ibi tí wọ́n ti dí ihò àtijọ́ nìkan ni. Àmọ́ àwọn kan ti sọ ọ́ di oko, wọ́n á máa ro ó látìdí bọ́ọ̀lù wọn títí dé ẹnu ihò, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá 40 ni òfin ní ó yẹ kó tó èèyàn láti gbá bọ́ọ̀lù tó bá ti kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́lòmíì bá sì ti dúró ti bọ́ọ̀lù tiẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má tẹ ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ máa gbà, kódà òjìji yín ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún, mágínẹ́ẹ̀tì yẹn ló jẹ ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ mì í dáadáa, tí máàkà bá já, ẹ mú òmíì, kẹ́ ẹ sì yan èyí téyín ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.