Ẹ̀rọ dáyámọ́ńdì tí mo háyà láti dá ihò páìpù lu nínú ìpìlẹ̀ olókùúta

Ilé àtijọ́ ni ilé mi, òkúta ni wọ́n sì fi mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí páìpù ìdọ̀tí tuntun lè gbà jáde àfi inú ìpìlẹ̀ yẹn, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ihò méjì ni mo nílò: ọ̀kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 200 fún páìpù ìdọ̀tí, èkejì tó fẹ̀ tó mìlímítà 100 fún páìpù omi. Ẹ̀rọ dáyámọ́ńdì tó ń lo iná mànàmáná ni mo háyà, pẹ̀lú irin ìdúró rẹ̀, rọ́bà omi àti orí méjì. Kí n tètè sọ èrò mi: ẹ̀rọ náà ṣe gudugudu méje yààyàà mẹ́fà, ṣùgbọ́n inú òkúta ló ti ṣe é. Ohun tó wà láàárín òkúta kan sí èkejì ló fẹ́ dá iṣẹ́ dúró, ẹni tó bá sì fẹ́ háyà irú ẹ̀rọ yìí fún ògiri àtijọ́, ibẹ̀ ni kó fojú sí kó tó sanwó.

Ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú mi ti fi hámà àti ṣísẹ̀lì dá ihò kan lu rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Páìpù kékeré ló fẹ́ kì bọ̀ ọ́, àmọ́ ihò tó kù síbẹ̀ gba orí ènìyàn. Ẹfun àti yanrìn tó so àwọn òkúta pọ̀ ti là títí dé ìlà kẹta lókè ihò náà; tí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ, yanrìn á máa dà. Ògiri báyìí, òkúta ńlá ló wà lójú rẹ̀ níta àti nínú, àárín rẹ̀ sì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sí i pẹ̀lú ẹfun. Kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Ìwúwo ilé àti bí òkúta ṣe jókòó lé ara wọn ló mú un dúró. Bí ẹ bá ń fi hámà gbọ̀n ọ́n, òkúta tí ẹ kò fọwọ́ kàn rárá á máa ṣí kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni gbé hámà oníná wọ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ náà ní òun ló yá jù.

Ẹ̀rọ dáyámọ́ńdì kì í gbá nǹkan. Ń ṣe ló ń yípo. Orí rẹ̀ rí bí agolo gígùn tí kò ní ìdí, eyín tí wọ́n po dáyámọ́ńdì mọ́ ló sì wà yí etí rẹ̀ ká. Etí yẹn nìkan ló ń họ òkúta. Àárín á dúró ní odindi, ẹ ó sì yọ ọ́ tó bá yá. Omi ń gba inú mọ́tò wọ agolo láti mú eyín tutù àti láti fọ lúbúlúbú òkúta jáde. Jíà mẹ́ta ló ní. Bí agolo bá ṣe fẹ̀ tó ni eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe dínkù tó, torí ọ̀nà tí etí agolo ńlá ń rìn nínú ìyípo kan jìn ju ti kékeré lọ. Jíà kìíní, tó ń yípo bíi ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ni mo lò fún ti mìlímítà 200. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì tó máa ń yọ̀ bí agolo bá há, wáyà rẹ̀ sì ní ohun èlò kékeré kan tó ń já iná lójú ẹsẹ̀ bí iná bá fẹ́ gba inú omi jáde. Mo tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fo ìyẹn, torí omi àti iná jọ wà nídìí ẹ̀rọ kan náà ni.

Irin ìdúró yẹn gan-an ni mo kà sí ohun tí mo háyà. Agolo tó fẹ̀ tó mìlímítà 200, bó bá há lójijì, ó lè yí ọwọ́ ènìyàn dà kó sì ṣẹ́ ẹ. Kò sí bí ènìyàn ṣe lágbára tó tó yẹ kó fọwọ́ lásán di irú rẹ̀ mú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sọ fún mi pé irin ìdúró yìí ń gbà dúró sára ògiri. Ọ̀kan ni rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ tó sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Lójú ògiri olókùúta, kò wúlò rárá, torí ojú òkúta kò tẹ́jú, afẹ́fẹ́ sì ń gba gbogbo kọ̀rọ̀ wọlé. Èkejì ni bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò. Ìyẹn dára nínú kọnkéré, ṣùgbọ́n nínú ògiri báyìí, bí ẹ bá fi sínú ẹfun, á fà yọ. Bí ẹ bá fi sínú òkúta kékeré, á là á sí méjì.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo fi dírìlì kékeré lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ògiri já síta, mo ki irin gígùn tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì bọ̀ ọ́, mo fi irin pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì dì í lẹ́yìn, mo sì fi irin ìdúró há iwájú rẹ̀. Gbogbo ògiri ló wá di ẹ̀rọ náà mú. Kò mì. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tún sọ ohun tó wà nínú ògiri fún mi: níbi tí dírìlì bá ti kàn ṣubú wọlé láìsí agbára, àyè òfìfo ló wà níbẹ̀.

Òfìfo yẹn sì wà. Bàbá bíríkìlà kan tó ti ń fi òkúta mọlé láti ìgbà èwe rẹ̀ bá mi wò ó, ó fi ẹ̀yìn ìka gbá ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì ní, “Ọmọ mi, ògiri ni kó o kọ́kọ́ tọ́jú, ihò á tẹ̀lé e.” A lu àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn yí ibi tí agolo máa gbà ká, a sì ń da ẹfun olómi sí wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. NHL 3.5 ni ẹfun náà, irú ẹfun tó lè le níbi tí ọ̀rinrin bá wà. Àwọn kan á ní kí ẹ lo sìmẹ́ńtì torí ó tètè ń le. Ẹ má ṣe é nínú ògiri àtijọ́. Sìmẹ́ńtì le ju ẹfun tó wà níbẹ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rinrin tó wà nínú ògiri rí ọ̀nà jáde dáadáa. Ẹfun máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, nítorí náà a fi í sílẹ̀ dáadáa ká tó gbé ẹ̀rọ débẹ̀. Ẹ má ṣe háyà ẹ̀rọ náà kó tó gbẹ o, torí owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, bóyá ẹ lò ó tàbí ẹ ò lò ó.

Bàbá náà ló tún bá mi yan ibi tí ihò máa wà: kò sí lábẹ́ orí igi tó gbé ilẹ̀pẹpẹ dúró, kò sún mọ́ igun ilé, òkúta gbọọrọ kan sì wà lókè rẹ̀ tó nà kọjá ihò ní ọ̀tún àti lósì. A wa iyẹ̀pẹ̀ ìta kúrò ṣáájú, kí agolo má bàa já sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnu yà mí. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀ bí mo ṣe rò, ògiri kò sì gbọ̀n rárá. Mo gbé ọwọ́ lé òkúta tó wà lókè ihò, kò sí ohun tí mo gbọ́. Àwọ̀ omi tó ń jáde ló ń sọ ibi tí mo dé. Nínú òkúta, ẹrẹ̀ eérú tó funfun díẹ̀ ni. Bó bá di pupa rúsúrúsú tí yanrìn sì wà nínú rẹ̀, ẹfun ni mo wọ̀ yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni mo sì máa ń dẹ ọwọ́ lára irin tí ń ti ẹ̀rọ wọlé. Ibẹ̀ ni ewu wà. Òkúta tí agolo bá gé dé ìdajì, tí kò sí ohun tó dì í mú mọ́, lè yí dà kó sì há mọ́ eyín. Ó há lẹ́ẹ̀kan báyìí ní àárín ògiri, kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ bó ṣe yẹ, mo pa iná, mo fi sípánà yí agolo padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tú. Ìgbà kan ṣoṣo yẹn ni, mo sì gbà pé ẹfun tí a dà síbẹ̀ ló fà á tí kò fi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀sùn ńlá tí mo ní wà lórí agolo tí ilé-iṣẹ́ tí mo ti háyà ẹ̀rọ kó fún mi. Ti kọnkéré ni, ìpìlẹ̀ mi sì jẹ́ gíránáìtì, akọ òkúta pọ́nbélé. Wọ́n ní “dáyámọ́ńdì ni, ó ń gé ohun gbogbo.” Òótọ́ ni pé lórí òṣùwọ̀n líle Mohs, dáyámọ́ńdì jẹ́ 10, quartz, èròjà líle tó wà nínú gíránáìtì, sì jẹ́ 7, ṣùgbọ́n kì í ṣe dáyámọ́ńdì nìkan ló wà nínú eyín agolo. Irin ló di dáyámọ́ńdì kéékèèké náà mú, irin yẹn sì gbọ́dọ̀ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ kí dáyámọ́ńdì tuntun lè yọjú bí ti òkè bá ti kú. Lúbúlúbú gíránáìtì kúná, kì í tètè jẹ irin náà. Nítorí náà, eyín tí irin rẹ̀ rọ̀ ló bá akọ òkúta mu. Èyí tí irin rẹ̀ le ló bá òkúta yanrìn àti ohun tó ń ha irin mu. Ìdàkejì ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rò ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé agolo náà ń gé dáadáa nígbà tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kàn ń yípo lójú kan. Omi tó ń jáde mọ́ gaara, kò sí lúbúlúbú nínú rẹ̀. Mo yọ agolo, mo fọwọ́ pa eyín rẹ̀: ó ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó máa ha ènìyàn lọ́wọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ fi agolo náà gé bíríkì rírọ̀ tó ní yanrìn tàbí òkúta yanrìn díẹ̀, pẹ̀lú omi tó mọ níwọ̀n, kí irin ojú rẹ̀ lè họ kúrò. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ní láti máa ṣe é léraléra, iṣẹ́ tí agolo tó yẹ kì bá tètè parí sì gba àsìkò gan-an. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi wá agolo irin rírọ̀ fún ihò kejì, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kedere: ó wọlé ní jẹ́jẹ́ láìdúró, títí ó fi já síta.

Agolo náà kò gùn tó ògiri. Bí ó bá ti wọlé dé ìdí rẹ̀, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ibi tó gé, ẹ ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkúta róbótó náà á ṣẹ́ ní ìdí, ẹ ó fà á jáde, ẹ ó sì fi irin àfikún sí ẹ̀yìn agolo kẹ́ ẹ tó tẹ̀síwájú. Ẹ má ṣe dá nìkan ṣe é. Bí ihò 200 bá jáde ní odindi láti iwájú dé ẹ̀yìn ògiri yìí, òkúta inú rẹ̀ máa wúwo tó bíi kìlógíráàmù 45. Lójú ibi tí agolo gé, gíránáìtì náà ń dán, mo rí quartz funfun, èròjà mìíràn tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àti àwọn ègé dúdú wínníwínní láàárín wọn. Mo fi ọ̀kan pamọ́.

Òrùka tó yẹ kó máa gba omi ìdọ̀tí lójú ògiri kò lẹ̀ mọ́ òkúta tí kò tẹ́jú, ẹrẹ̀ sì ṣàn sílẹ̀. Náílọ́ọ̀nù, àkísà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ló gbà mí. Síbẹ̀ ẹrẹ̀ sàn ju eruku lọ. Eruku òkúta tó ní silica, ìyẹn ohun tí quartz jẹ́, ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, láti 1997 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, sì ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ kó ẹrẹ̀ náà kúrò kó tó gbẹ, torí bó bá gbẹ, eruku yẹn náà ló máa padà dà. Ẹ sì lo ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń lu àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́, torí kò sí omi níbẹ̀.

Lórí bí ihò ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, ẹ rò ó kẹ́ ẹ tó háyà agolo. Páìpù ìdọ̀tí mi kò ju mìlímítà 110 lọ, àwọn kan sì ní ihò 150 tó. Nínú kọnkéré, ó tó, torí ojú ihò máa ń dán, ẹ ó sì lè ki rọ́bà oníbóòtù tó ń fẹ̀ yí páìpù ká. Nínú ògiri olókùúta, ẹfun máa ń já bọ́ láàárín ihò, ojú rẹ̀ kì í dọ́gba, rọ́bà yẹn kò sì lè dí i. Mo ki páìpù 160 sínú ihò 200, mo fi ẹfun àti yanrìn dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí po, mo wá gba páìpù 110 kọjá nínú rẹ̀, mo sì fi rọ́bà dí àárín àwọn méjèèjì. Bí ìpìlẹ̀ bá rìn díẹ̀, páìpù ìdọ̀tí kò ní ṣẹ́. Irin ìdúró náà jẹ́ kí n lè mú ihò rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ìta, bíi mìlímítà 12 láti inú dé ìta, kí omi tó bá fẹ́ wọlé má rí ọ̀nà.

Fún ẹ̀rọ àti irin ìdúró, mo gbóríyìn láìkù síbì kan, mo sì máa háyà wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún agolo àkọ́kọ́ àti ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi, rárá. Bí ìpìlẹ̀ yín bá ti ń là, tàbí tí òkúta rẹ̀ ń mì bí ẹ bá tì í, ẹ pe ẹni tó mọ ìwúwo ilé kó wò ó kí ẹ̀rọ kankan tó débẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ègé òkúta ìpìlẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ háyà, ẹ ní kí wọ́n fi agolo tó bá a mu hàn yín, kí ẹ sì béèrè irin àfikún àti irin tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó gùn ju ògiri yín lọ. Bí wọ́n bá ní agolo kan ló wà fún gbogbo òkúta, ẹ wá ibòmíràn.