Ìkìlọ̀: Ẹ má gbé ajá yín fún ẹni tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ dé ilé òun

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sílé ní Ìbàdàn, Ọ̀ṣogbo tàbí Ìlọrin nígbà Iléyá àti Kérésì, tẹ́ ẹ ò sì lè gbé ajá wọ mọ́tò èrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fa ajá yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ń polówó ara rẹ̀ kiri orí WhatsApp pé òun máa ń bá èèyàn tọ́jú ajá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Lugbe kó sí i lọ́wọ́ ní Kérésì tó kọjá. Orúkọ tó fún wa kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà ọgbọ́n tó ń ta ni kẹ́ ẹ mọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ọmọ Yorùbá bíi tiyín lòun. Iye tó máa bù fún yín á kéré sí ti gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti bèèrè. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ wá wo ibi tí ajá máa sùn, á ní, “Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú wá sí Kubwa, màá wá gbé e nílé.” Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá lóòótọ́, ó múra dáadáa, ó gbé kéèjì dání, ó gba gbogbo owó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbé ajá lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti dé Ọ̀ṣogbo, ó ní kó jẹ́ kóun rí ajá òun. Fídíò ló fi ránṣẹ́: ajá ń jẹun, ó ń ju ìrù. German Shepherd ni ajá ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà nínú fídíò. Àmọ́ nígbà tá a fetí sí i dáadáa, òjò ló ń rọ̀ sórí páànù. Ta ló rí òjò bẹ́ẹ̀ ní Àbújá nínú ọyẹ́ oṣù Kejìlá, nígbà tí eruku ti bo gbogbo ìlú? Etí òsì ajá ẹ̀gbọ́n mi kò nàró láti kékeré. Ti ajá inú fídíò nàró ṣánṣán, méjèèjì. Ajá oníbàárà mìíràn ni, wọ́n sì ti ya fídíò náà láti ìgbà òjò.

Lọ́jọ́ kejì ó pè pé ajá ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, pé parvo, àìsàn ìfun tó máa ń ran ajá, ni, kí wọ́n tètè fi owó dírípù ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó fún dókítà ní fóònù. Ó ní dókítà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rán ará ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ sí àdírẹ́sì tó kọ fún wọn ní Kubwa, àwọn tó ń gbé inú ilé náà ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹnì kan tó ń ta oúnjẹ ajá ló júwe ibi tí wọ́n ti rí ajá náà níkẹyìn, lápá Dei-Dei, nínú ilé tí wọn ò kọ́ parí. Okùn ni wọ́n fi so àwọn ajá mọ́ òpó, kò sí abọ́ omi kankan. Ọmọkùnrin kékeré kan ló ń ṣọ́ wọn. Eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó tò sínú etí ajá ẹ̀gbọ́n mi bí ẹ̀wà tá a rẹ sómi, èrìgì rẹ̀ sì ti funfun. Dókítà ní àìsàn eégbọn ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Owó tí ọkùnrin náà gbà kò padà wá.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá ni á kọ́kọ́ bèèrè. Ọkùnrin tiwa yìí ò bèèrè rárá, ó sì yẹ kíyẹn nìkan ti tó láti lé e. Ìdí ni pé kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù; ọṣẹ lásán ò pa á, àfi nǹkan bíi Hypo. Ajá kan ṣoṣo tó ní in lè ba gbogbo ibẹ̀ jẹ́ fún àwọn ọmọ ajá tí wọn ò tíì parí abẹ́rẹ́ wọn, èyí tí wọ́n máa ń gbà léraléra títí wọ́n á fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ńkọ́? Ọdọọdún là ń gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ níbí, torí tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ajá, kò sóògùn mọ́. Tí olùtọ́jú bá ní òun ò gba ajá yín torí pé kò ní káàdì, ẹ má bínú sí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń wá.

Ẹ dé ilé rẹ̀ fúnra yín. Ẹ gbóòórùn ibẹ̀, ẹ wo abọ́ omi, ẹ wo etí àwọn ajá tó bá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ajá sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan kí ìrìn àjò tó yá. Ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ san tó kù nígbà tẹ́ ẹ bá gbà á padà, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí NIN rẹ̀ mu. Fídíò tí wọ́n ti yà sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ pè é ní video call láìsọ tẹ́lẹ̀, kó pe orúkọ ajá kẹ́ ẹ rí bó ṣe máa ṣe. Tó bá ní ajá ń ṣàìsàn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sanwó sí àkáǹtì ilé ìwòsàn. Dókítà ẹranko gidi ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria.

Ẹni tó bá ti sanwó fún oníjìbìtì náà, kó má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp kankan rẹ́. Kó tẹ rísíìtì ìsanwó jáde, kó mú un lọ sí báńkì rẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá lónìí, kó sì mú fọ́tò ajá náà dání, èyí tí àmì ara rẹ̀ ti hàn kedere.