Àtẹ ìwé ìròyìn tí mo ti ń sanwó kàwé ní Ìjìgbò, Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ ìgẹrun ni mò ń ṣe ní Ìjìgbò. Ẹnu kì í dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbá kan ń ta ìwé ìròyìn nítòsí mi. Bí o bá fún un ní ọgọ́rùn-ún náírà, wàá ka gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ, bí o kò bá ṣáà ti ká a, tí ọwọ́ rẹ ò sì lómi. Owó tí wọ́n ń ta ìwé ìròyìn báyìí, ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa ra mẹ́rin lójúmọ́ á ti ná owó ọbẹ̀.

Ìdìbò gómìnà ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, ọdún 2022 ló gbé mi débẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ rédíò kan tí mo fọkàn tán ń ka èsì àwọn ibùdó ìdìbò. Kìkì ibi tí ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn ti mókè ni wọ́n ń kà. Nọ́ńbà tí wọ́n pè kì í ṣe irọ́, wọ́n kàn fi ìyókù sílẹ̀ ni. Èmi wá ń bá oníbàárà mi kan jiyàn pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ò mú ibùdó kankan ládùúgbò wa. Ó ní òun fojú ara òun rí èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi bínú dìde, mi ò tíì gẹ irun rẹ̀ tán.

Láàárọ̀ Ajé, mo rojọ́ fún bàbá. Kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n ṣí IReV lórí fóònù mi, ìyẹn ojúlé ayélujára tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ń gbé àwòrán èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí. Fọ́ọ̀mù EC8A, ìwé èsì ibùdó ìdìbò tí wọ́n fi bírò kọ, ni mo bá níbẹ̀, òótọ́ sì ni oníbàárà mi sọ. Ibùdó 2,445 ni Èkìtì ní, bóyá ni rédíò mi ka ogún. Mo lọ bá ọkùnrin náà nílé, mo bẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni bàbá ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ta ló ni ín?" Nígbà kan rí, bàbá tó bí i lọ́mọ máa ń ra Tribune tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, á sì tún ra Sketch tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1964 nígbà Akíntọ́lá, tí òun àti Awólọ́wọ̀ jọ ń ṣọ̀tá nínú òṣèlú. Ìbàdàn kan náà ni méjèèjì ti ń jáde nígbà náà. Ohun tí wọ́n bá jọ sọ ló máa ń gbà. Ibi tí ẹnu wọn ò bá ti kò, á ní kí àwọn dúró ná. Bí bàbá ṣe ń to àtẹ tirẹ̀ náà nìyẹn: ìwé àwọn olówó tí kò fẹ́ràn ara wọn ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá rí "ẹnì kan tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun" nínú ìròyìn, á fi ìka tẹ ibẹ̀, á wò mí lójú.

Ó fi èsì 2022 yẹn ṣàpẹẹrẹ fún mi. APC ní ìbò 187,057, SDP ní 82,211. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Oyèbánjí, olùdíje APC, mú ìjọba ìbílẹ̀ 15 nínú 16 kò purọ́. Ẹni tó bá fi Ẹ̀fọ̀n tí PDP mú ṣe àkọlé, òun náà kò purọ́. Àfi kí o ka méjèèjì.

Àléébù wà o. Kò sí bẹ́ǹṣì, àwọn àgbàlagbà ń dúró nínú oòrùn. Mo ti bá a sọ ọ́, mo tún ń sọ ọ́ níbí. Ẹ̀dà méjì péré ló máa ń gbà nínú ìwé ìròyìn Aláròyé, kí n tó parí orí ẹni kan, ó ti tán. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Èkó àti Ìbàdàn ni ìwé ti ń wá, ẹ má wulẹ̀ dé síbẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Tí òjò bá ṣú, ó ti palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹ mú ṣénjì dání.