Oúnjẹ Shanghai tí mo jẹ létí odò Huangpu

Bí ẹ bá ń lọ jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ Shanghai ní ilẹ̀ China, ẹ má wá ata lọ o. Èmi ti wá a, mo sì kábàámọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀ ló mú mi lọ. Ilé oúnjẹ náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì létí odò Huangpu, a sì ń wo iná Pudong, àdúgbò ilé gogoro tó wà ní òdìkejì odò náà. Ilẹ̀ ń dán, aṣọ tábìlì funfun báláú. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni mo bá lọ.

Oúnjẹ tútù ló kọ́kọ́ dé: adìyẹ tí wọ́n rẹ sínú ọtí ìrẹsì Shaoxing, àti ẹja dídín tí wọ́n rì sínú sọ́ọ̀sì oníṣúgà. Ẹja yẹn dùn dé eegun.

Xiaolongbao ló tẹ̀ lé e, ẹran àti omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, mẹ́fà nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun, ooru ń rú lórí wọn. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wé e fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí omi ọbẹ̀ tó ń mì nínú rẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé báwo ni ọbẹ̀ ṣe dé inú ibẹ̀. Wọ́n ní awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè títí omi rẹ̀ á fi ki, tó bá tutù á dì, bí omi ẹsẹ̀ màlúù ṣe ń dì nínú fíríìjì wa. Wọ́n á gé e mọ́ ẹran lílọ̀, wọ́n á fi ìyẹ̀fun wé e. Bí ooru bá kàn án, á yọ́.

Mo fẹ́ jù ú sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi kígbe pé, "Dúró ná! Á jó ọ láhọ́n!" Orí ṣíbí ni kí ẹ gbé e sí, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ díẹ̀, ẹ fa omi rẹ̀ mu, kí ẹ tó fi atalẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan dúdú jẹ ìyókù. Mẹ́rin ni mo jẹ nínú mẹ́fà yẹn.

Hongshao rou ni mo ṣẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá ni, wọ́n fi sọ́ọ̀sì sóyà, ọtí àti ṣúgà sè é títí ó fi pọ́n, tó ń dán, tó rọ̀ bí ògì dídì. Ó dùn bí oyin díẹ̀. Mo bá ní kí wọ́n fún mi ní ata, ata náà sì bo gbogbo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sichuan, ìpínlẹ̀ China tí wọ́n ti ń jẹ ata gan-an, lẹni tó fẹ́ ata ń lọ.

Ohun tó bí mi nínú ni ìrẹsì. Ẹ̀ẹ̀mejì la bèèrè rẹ̀, ẹran ti tutù kó tó dé. Àṣà wọn ni pé ìgbẹ̀yìn ni ìrẹsì ń dé níbi àsè, àmọ́ ẹni tó bá bèèrè, ó yẹ kí wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n tún ń yára kó àwo tá ò tíì jẹ tán.

Síbẹ̀ màá padà lọ, nítorí nọ́dù kan tí wọ́n ń pè ní congyou banmian. Ó wà lára èyí tí owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀. Kò ní ẹran kankan: àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n rọra dín nínú òróró títí ó fi dúdú, tí wọ́n wá pò mọ́ nọ́dù pẹ̀lú sọ́ọ̀sì sóyà. Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń dín àlùbọ́sà fún ọbẹ̀ ọdún nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé fóònù jáde láti sanwó nígbà tí mo ní kí wọ́n gbé àwo kejì wá.