Àwọn therapist tí ò gbà láti sọ fún mi pé "kò sí nǹkan kan"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ èyí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà ní apá Mókọ́lá níbí n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú mi fún oṣù mẹ́sàn-án nítorí OCD, ìyẹn àìsàn tí èrò ẹ̀rù kan á máa padà wá ṣáá, téèyàn á wá máa tún nǹkan kan náà ṣe léraléra, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí, èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa. Mi ò ní kọ orúkọ ibẹ̀ síta, torí etí títì ló wà, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ò sì fẹ́ kí aládùúgbò máa ka ẹni tó ń wọlé. Ẹni tó bá nílò ẹ̀ lóòótọ́ kó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, màá júwe ẹ̀ fún un.

Aránṣọ ni mí, Mọlété ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ara áyọ́ọ̀nù ló ti bẹ̀rẹ̀. Màá yọ ọ́ lára iná, màá wo súìṣì, màá ti ilẹ̀kùn, kí n tó dé ibi tí mo ti ń wọ Micra nǹkan kan á ti máa sọ nínú mi pé ṣé o yọ ọ́ ṣá, aṣọ ìyàwó oníyàwó wà níbẹ̀ o, fóòmù ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ń tà o, tí ibẹ̀ bá jóná ìwọ lo fà á o. Màá padà, màá wò ó, á wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, màá tún jáde, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá mo wá ń fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ kí n lè máa wò ó lójú ọ̀nà. Fọ́tò súìṣì kan ṣoṣo yẹn lé ní 400 nínú fóònù mi.

Ó wá bọ́ sórí àlùwàlá. Èyí ló dùn mí jù torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Màá fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ọkàn mi á ní omi ò kan ẹ̀yìn ẹ̀, màá tún un ṣe, màá pọn búútà kejì, ìkẹta, ìkẹfà. Tí mo bá parí, ọkàn mi á tún ní afẹ́fẹ́ ti jáde lára ẹ, àlùwàlá ti bàjẹ́. Àsùbáà á kọjá mọ́ mi lórí nínú balùwẹ̀. Ọwọ́ mi bó, àárín ìka gbogbo ẹ̀ sán, mi ò lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa mọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ìránṣọ ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Màámi ní iṣẹ́ ayé ni. Bàbá Fàtí ní àṣejù ni. Àfáà wa ló sún mọ́ ọn jù, Ọlọ́run á bá mi kẹ́ wọn, wọ́n ní wáswás ni, ìyẹn iyèméjì tí èṣù máa ń jù síni lọ́kàn, kí n má dá a lóhùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí èèyàn á ṣe ṣe é tí ò fi ní dá a lóhùn ni ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi.

Mo ti lọ síbòmíì kí n tó dé Mókọ́lá. Ọ̀gá yẹn ṣèèyàn, ohùn ẹ̀ tutù, á ní kí n mí sínú kí n mí síta, kí n máa rò pé etí odò ni mo wà, á wá fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí nǹkan kan tó máa ṣe ṣọ́ọ̀bù mi. Ara mi á fúyẹ́, kí n tó dé Dùgbẹ̀ ó ti padà dé. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹfà, ₦10,000 ni lẹ́ẹ̀kan. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ èyí tó dùn mí jùyẹn lọ ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èmi ni mi ò ṣeé wò.

Ní Mókọ́lá yìí, ọjọ́ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Obìnrin tó gbà mí wọlé, therapist ni, ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò ló fi ń tọ́jú èèyàn, kì í kọ oògùn, dókítà tó ń kọ oògùn lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nìyẹn máa ń wá. Ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde tí wọ́n ń pè ní Y-BOCS, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó wá ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: wákàtí mélòó ni èrò yẹn ń gbà lọ́wọ́ yín lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá ní kó dúró ṣé ó máa ń gbọ́, báwo ló ṣe ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́. Ìbéèrè 10 ni, 40 ni gbogbo máàkì ẹ̀, mo gba 29. Ó ní 29 ti le gan-an. Ó ní OCD lorúkọ ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Fàtí, wèrè kọ́ lèyí, kì í sì í ṣe pé ẹ ò nígbàgbọ́." Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, torí ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé e kiri láìmọ orúkọ ẹ̀.

Ìgbà tí mo nu ojú tán ni mo wá bi í pé, "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́, tí mo bá ti yọ áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, kò lè jóná mọ́, àbí?" Ó wò mí, ó ní, "Mi ò ní dá yín lóhùn ìyẹn." Inú bí mi. Mo ní obìnrin yìí ò láàánú. Ó wá ní, "Ẹ ti bi Bàbá Fàtí ní ìbéèrè yẹn láìmọye ìgbà, wọ́n sì ń dá yín lóhùn. Ṣé ó tó yín?" Kò tó mi rí. Ó ní ìdáhùn yẹn gan-an ni oúnjẹ OCD yìí, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń sanra. Padà tí mò ń padà, oúnjẹ ni. Fọ́tò, oúnjẹ ni. Búútà kejì, oúnjẹ ni. Ohun tí a máa ṣe ni pé ká sún mọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ká má fún un lóúnjẹ, ká jẹ́ kí ẹ̀rù náà bà mí títí á fi rẹ òun fúnra ẹ̀. ERP (exposure and response prevention) ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í ṣe ohun tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, láti 1966 ni Victor Meyer, onímọ̀ ìṣesí èèyàn kan ní London, ti kọ nípa aláìsàn méjì tó fi ọ̀nà yìí tọ́jú, fífọ nǹkan ṣáá ló sì ń da ọ̀kan nínú wọn láàmú bíi tèmi.

Kí n sọ ọjọ́ kan fún yín. Ọjọ́bọ̀ ni, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n lo áyọ́ọ̀nù dáadáa, mo na bùbá kan tán, ó ní ó yá, ẹ yọ ọ́, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ká lọ. Mo ti ilẹ̀kùn. A rìn dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń dín àkàrà, àyà mi ń lù kì kì kì, omi ti bo ọwọ́ mi. Ó ní láti òdo dé 100, mélòó ni ẹ̀rù náà? Mo ní 90. Ó ní ká dúró síbẹ̀. Mo ní àǹtí, mo bẹ̀ yín, ẹ ní kò ní jóná. Ó ní, "Ó lè jóná, ó lè má jóná, èmi náà ò mọ̀." Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré padà. Kò dì mí mú o, ó kàn dúró tì mí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó bi mí, mo ní 90 ṣì ni. Ogún ìṣẹ́jú, 70. Mo ti ń rí àkàrà, mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ìṣẹ́jú 45, 40 ni, mo sì wọ Micra lọ sílé láì padà, mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ pípẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló ní kí n pa gbogbo fọ́tò súìṣì yẹn rẹ́. Èyí le ju ti áyọ́ọ̀nù lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa wọ́n tán.

Ti àlùwàlá, kò fọwọ́ kàn án títí a fi pe àfáà wá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ wọn, wọn ò sọ ẹ̀sìn mi di àìsàn. Àfáà jókòó pẹ̀lú wa, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òpin fífọ oríkèé, iyèméjì kì í ba ohun tó ti dájú jẹ́. Àǹtí ní ó dáa, búútà kan, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ká sì wọlé sórí ìrun pẹ̀lú iyèméjì náà. Oṣù méjì gbáko la fi ṣe ìyẹn nìkan, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo padà sí búútà mẹ́rin, mo pè é, kò bú mi.

Dókítà kọ sertraline fún mi, 50 milligram la fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e díẹ̀díẹ̀ dé 150. Wọ́n ti sọ fún mi pé OCD sábà máa ń fẹ́ kó ga, pé ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí n tó mọ̀ ọ́n lára, kí n má sì dá a dúró fúnra mi lójijì. Inú rùn mí ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oorun ò wá dáadáa, lẹ́yìn náà ó lọ.

Àwọn tó ní àyà jíjá náà ń wá síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n sọ tòun: kò lè gun afárá Mókọ́lá mọ́, tó bá ti débẹ̀ èémí ẹ̀ á gé, á ní ikú dé. Therapist ẹ̀ ní kó máa fi straw mí nínú yàrá, kó máa yí lórí àga kí òòyì kọ́ ọ, kí ara ẹ̀ lè mọ̀ pé òòyì kì í pa èèyàn, kí wọ́n tó jọ gun afárá yẹn fẹsẹ̀. Ó ti ń gbà á lọ síbi iṣẹ́ báyìí.

Èyí tí ò dáa ńkọ́? Ògiri wọn fẹ́lẹ́, èèyàn tó jókòó níta ń gbọ́ ohùn ẹni tó wà nínú, ọ̀rọ̀ irú èyí ò yẹ kó ń jáde bẹ́ẹ̀, mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá mú iná, jẹnẹrétọ̀ á bo gbogbo ọ̀rọ̀. Aago mẹ́wàá lè di aago kan. Àwọn méjì péré ló mọ ERP níbẹ̀, ẹnì kan tó gbà mí nígbà tí àǹtí rìnrìn àjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí lọ́kàn balẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ₦6,000 kan náà ni wọ́n gbà. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn dáadáa kí wọ́n tó fún wọn ní aláìsàn.

Ìgbà tí màámi gbọ́ ibi tí mò ń lọ, wọ́n ní ṣé Àrò ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ ni. Mo ní màámi, Àrò tẹ́ ẹ fi ń dẹ́rù bà wá yẹn, láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, kí wọ́n má bàa tì wọ́n mọ́lé, Yunifásítì Ìbàdàn wa níbí ló sì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n sí. Òfin pàápàá ti yí padà, ní January 2023 ni Bùhárí fọwọ́ sí tuntun tó gbapò òfin wèrè àtijọ́. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá àwọn náà sin mi lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín dání fún àǹtí.

Oṣù tó kọjá wọ́n tún bi mí ní ìbéèrè 10 yẹn, mo gba 11. Èrò yẹn ṣì ń wá, pàápàá tí aṣọ ìgbéyàwó bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi ti jinná.

Ibikíbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ìbáà ṣe ibí yìí tàbí ibòmíì, tó bá jẹ́ OCD ni, kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹ̀ ń ṣe ERP, ta ló kọ́ yín, ṣé ẹ lè bá mi dé ibi tí nǹkan yẹn ti ń ṣe mí. Tó bá jẹ́ ti Mókọ́lá yìí, ọjọ́ Wẹ́sìdeé ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, kẹ́ ẹ sì mú omi dání.