Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìtọ́jú fisiotẹ́rápì nítorí èjìká tó rọ́

Orí ọ̀kadà ni mo ti ṣubú lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn, èjìká ọ̀tún ni mo sì fi balẹ̀. X-ray fi hàn pé egungun kankan kò ṣẹ́. Iṣan tí ó so egungun iwájú èjìká mọ́ egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ya díẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ìpele kejì. Ní ìpele kìíní, iṣan náà kàn fà ni. Ní ìkẹta, ó já pátápátá. Wọ́n darí mi sí ilé ìtọ́jú fisiotẹ́rápì kan (ibi tí wọ́n ti ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé), tí n kò ní dárúkọ nítorí pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ láti fi kàn wọ́n.

Mo rò pé wọn yóò wọ́ mi bí àwọn tó ń to eegun ṣe ń ṣe. Obìnrin tó gbà mí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan èjìká náà kí ó tó bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀. Ó ní kí n jáwọ́ nínú ìpara gbígbóná tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi pa mí láti àná, nítorí pé ooru lè mú kí ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú náà túbọ̀ wú sí i. Yìnyín tí a fi aṣọ wé ni kí n máa gbé lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kò sí iná ládùúgbò wa, nítorí náà píọ̀ wọ́tà dídì ni mo ń rà.

Ibi tí wọ́n ti gba owó mi lọ́nà ẹ̀tọ́ ni ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí ó bọ́ aṣọ tí mo fi gbé apá kọ́rùn. Mo bá a jiyàn gidi, nítorí pé ó ṣì ń dùn mí. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé èjìká tí a kò bá mì pẹ́ a máa gan, àti pé ìgan náà lè pẹ́ ju ọgbẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní kí n fi ọwọ́ òsì di tábìlì mú, kí n tẹ̀ síwájú, kí n jẹ́ kí apá ọ̀tún máa rọ̀ dirodiro, kí ara mi sì máa mì ín bí agogo ara ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi ìka gun ògiri, tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí mo bá dé. Ó tún kọ́ mi pé bí mo bá ń wọ bùbá, apá tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ wọlé, bí mo bá sì ń bọ́ ọ, òun ni kó jáde kẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ yìí nìkan tó owó ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n wọn kì í bọ̀wọ̀ fún àkókò: aago mẹ́sàn-án tí wọ́n dá fún mi máa ń di mọ́kànlá. Okùn aṣọ ìgbékọ́ apá tí wọ́n tà fún mi tín-ín-rín, ó sì ń há mi lọ́rùn, títí ẹ̀gbọ́n mi fi fi àǹkárá rán èyí tó fẹ̀.

Bí ọwọ́ yín bá ń kú tipiri, tàbí tí èjìká náà bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ní tèmi, mo ti ń gbé korobá omi, ṣùgbọ́n gèlè ṣì ń dà mí láàmú bí mo bá gbé apá sókè pẹ́. Kókó kékeré kan sì ṣì wà lórí èjìká náà, èyí tí obìnrin náà ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má lọ.